Ọ̀rọ̀ Èrò Ọkọ̀

Àtẹ̀gùn mẹ́tàdínlógún ló wà láàárín bẹ́ẹ̀dì Kọ́mà àti àga tó fi ń ṣiṣẹ́. Ó ti kà á lókè, ó ti kà á nísàlẹ̀, kò lé, kò dín. Ilé-iṣẹ́ ló ni ilé náà: ọ́fíìsì wà nísàlẹ̀, yàrá tirẹ̀ wà lókè. Ọ̀gá sọ fún un lọ́jọ́ tó gbà á síṣẹ́ pé àǹfààní ńlá ni, pé kò ní máa bá èrò du ọkọ̀ láràárọ̀. Òótọ́ ni. Àmọ́ láti ọdún mẹ́ta, bó bá jí, ibi iṣẹ́ ló jí sí. Bó bá sì parí iṣẹ́, ibi iṣẹ́ náà ló ń sùn sí. Fèrèsé kan ṣoṣo ló kọjú sí tábìlì rẹ̀. Ẹni tó kun ilé náà ti kùn ún mọ́ férémù, kò ṣeé ṣí. Ó lè wo ìgboro, ìgboro kò lè fẹ́ atẹ́gùn sí i.

Kọ́mà kì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó débẹ̀, wọ́n gbé ojú ìwé kan fún un pé kó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì fi kọ́mà mọ́kàndínlógún sí i. Ayàwòrán ilé-iṣẹ́, ọkùnrin kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, gbé ojú ìwé náà sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó ní àfi bí ẹni pé ẹnìkan fọ́n àgbàdo fún adìẹ. Ó parí. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tó kàwé gboyè wá ń jẹ́ àmì ìdánudúró díẹ̀, ó sì ń dáhùn.

Eré ni ilé-iṣẹ́ náà ń ṣe, kì í ṣe ti orí ìtàgé, kì í sì í ṣe ti bọ́ọ̀lù. Eré orí tábìlì ni. Ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún á jókòó yí tábìlì ká. Ọ̀kan á máa sọ ìtàn, àwọn yòókù á gbé ìwà ẹlòmíràn wọ̀ bí ẹ̀wù. Eléyìí á ní ọdẹ lòun, tọ̀hún á ní olè lòun, akọ̀wé báńkì tí kò lè pa aáyán nílé á fọwọ́ sọ̀yà pé jagunjagun lòun. Bí wọ́n bá fẹ́ la odò kọjá tàbí kí wọ́n bá ẹranko jà, wọ́n á da dáìsì, iye tó bá hàn ló máa sọ bóyá ó ṣeé ṣe. Ilé-iṣẹ́ Kọ́mà ló ń kọ ìwé tó ń sọ irú ayé tí wọ́n wà: ta ni ọba ibẹ̀, kí ni wọ́n ń bẹ̀rù, báwo ni wọ́n ṣe ń kí ara wọn.

Nínú ìwé mẹ́ta àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe, ilé olódi kan náà ló wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀dà ara ògiri nìkan ni wọ́n ń pààrọ̀. Àwọn oníbàárà kọ lẹ́tà pé ó ti sú àwọn. Ni ọ̀gá bá sọ pé ó tó gẹ́ẹ́, pé àwọn ènìyàn tó wà láyé lóòótọ́, tí ẹnìkan kò tíì kọ ìwé eré nípa wọn, ni òun ń wá báyìí. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ohun tí kò sẹ́ni tó bèèrè ni pé bí ẹnikẹ́ni kò bá mọ̀ wọ́n, ta ni yóò mọ̀ bí wọ́n bá pa irọ́ mọ́ wọn?

Bí Kọ́mà ṣe wọlé nìyẹn. Lọ́jọ́ tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, gbólóhùn méjì ló sọ. Ó ní, “Àwọn atukọ̀ etí odò ni ìdílé ìyá mi.” Ó tún ní, “Mo gbọ́ èdè wọn.” Gbólóhùn àkọ́kọ́, òótọ́ pọ́ńbélé. Èkejì, ọ̀rọ̀ mọ́kànlá péré ló gbọ́, àti ààbọ̀ orin ìrẹmọ kan tí ìyá rẹ̀ tó ti kú máa ń kọ fún un. Ó rò pé òun máa kọ́ èyí tó kù kí ẹnikẹ́ni tó fura. Bẹ́ẹ̀ bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a, ti Kọ́mà kò sì tó ọdún mẹ́rin.

Ó tún fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ọlọ́dún márùn-ún lọ́jọ́ náà. Ojú ìwé kẹrin rẹ̀ sọ pé ohunkóhun tí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ nípa àwọn ènìyàn inú ìwé, ìbáà jẹ́ níbi iṣẹ́ tàbí níta, ti ilé-iṣẹ́ ni. Ó tún sọ pé bó bá lọ kí ọdún márùn-ún tó pé, kò gbọdọ̀ kọ̀wé fún ilé eré mìíràn títí àkókò náà á fi pé, á sì kó kúrò nínú yàrá. Ẹni tó ń wá kọ́mà nínú ìwé oníwèé kò ka ojú ìwé kẹrin tirẹ̀.

Ibi tó ti ń wá ọ̀rọ̀ ni yàrá Màmá Àgbà, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Gbogbo ọ̀sán Sátidé ló ń lọ. Yàrá kan ni, ní àjà kẹta, nínú ilé kan tí omi kì í gòkè dé ẹ̀rọ rẹ̀. Orúnkún Màmá ti kọṣẹ́, ó sì ti lé lọ́dún méjì tó ti sọ̀ kalẹ̀ kẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀dì kan, sítóòfù kan, kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́fà lábẹ́ tábìlì, àti àga oníke funfun kan lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Orí àga náà ni Kọ́mà máa ń jókòó sí. Kò sígbà tí Màmá sọ fún un pé kó bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì. Á yọ ìwé pélébé rẹ̀, á bèèrè: kí lẹ ń pe èyí, kí lẹ ń pe tọ̀hún? Màmá á dáhùn wéré, kò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà mìíràn á fi ìborùn bo ẹnu, èjìká rẹ̀ á máa mì. Kọ́mà gbà pé inú Màmá ń dùn pé ọmọ àbúrò òun ń bèèrè orírun rẹ̀.

Láàárín ọdún kan, ó kó ọ̀rọ̀ mẹ́tàlélógójì jọ. Èyí tó fẹ́ràn jù nínú wọn kò ti ọ̀dọ̀ Màmá wá. Inú orin ìrẹmọ ìyá rẹ̀ ló ti yọ ọ́: tìmbélà. Lọ́jọ́ tó bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀, Màmá wò ó títí, ó wá ní ibi tí omi ti ń yí bí òkòtó ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ìyẹn tó Kọ́mà. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, Tìmbélà ti di ẹ̀mí búburú ìsàlẹ̀ odò, ó ní apá méje, kò sì sí ọkọ̀ tó lè kọjá lórí rẹ̀ àfi bí dáìsì bá mú mẹ́fà lẹ́ẹ̀mejì. Ayàwòrán fi oṣù kan gbáko yà á. Wọ́n fi orúkọ náà ṣe àkọlé ìwé, lẹ́tà rẹ̀ tóbi tó àtẹ́lẹwọ́.

Sátidé tó ṣáájú ọjọ́ tí ìwé máa wọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ọ̀gá fún un ní ẹ̀dà kan tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ fún àyẹ̀wò, ó ní kó lọ fi han Màmá, kó sì ya fọ́tò rẹ̀ wá. Fọ́tò náà máa wà lójú ìwé àkọ́kọ́, lórí gbólóhùn kan tí Kọ́mà máa fọwọ́ sí: “Èmi, ọmọ àwọn atukọ̀, jẹ́rìí pé bí àwọn ènìyàn mi ṣe ń sọ ọ́ nìyí.”

Ó bá àlejò lọ́dọ̀ Màmá. Àbúrò ọkọ Màmá tó ti kú ni, atukọ̀ àtijọ́ kan tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ yi bí awọ bàtà. Bàbá náà ń pe Màmá ní ìyàwó mi, Màmá ń pè é ní ọkọ mi tí kò ra nǹkankan wá. Kọ́mà kúnlẹ̀ kí wọn, ó gbé ìwé jáde, ó nà án sí Màmá. Bàbá ló gbà á. Ó ka àkọlé náà díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ìka. Lẹ́yìn náà ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á, Màmá sì ní láti fún un lómi.

Ó ní, “Ta ló kọ ‘jókòó jẹ́ẹ́, a ti fẹ́ gúnlẹ̀’ sórí ìwé?”

Kọ́mà ní orúkọ ibi tí omi ti ń yí ni.

“Èrò ló ń pè é bẹ́ẹ̀,” ni Bàbá wí. “Ọmọdé tó bá ń sunkún nínú ọkọ̀ là ń sọ ọ́ fún.” Ó ṣí ìwé náà. Ní ojú ìwé kejìlá, ó bá oyè ọba. Ó ní ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni ẹlẹ́sẹ̀ ẹrẹ̀. Ní ojú ìwé ogún, ó bá ìkíni tí àwọn àlùfáà inú eré ń kí ara wọn ní tẹ́ńpìlì. Ó ní, “Èyí ni ‘gbé ẹrù rẹ kúrò lẹ́sẹ̀ mi’. Wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ sọ ọ́, àbí? Ó dáa. Ó yẹ kí wọ́n dọ̀bálẹ̀.” Ikọ́ tún gbà á.

Màmá kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Bàbá náà rí ojú Kọ́mà, ó dákẹ́, ó sì wá fi pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé bí ẹni tó ń tú ìdì.

Ó ní lórí odò, atukọ̀ ọ̀rọ̀ méjì ni àwọn. Bí omi bá ń bínú, ẹni tó wà níwájú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ké sí ẹni tó wà lẹ́yìn. Bí èrò bá gbọ́ ohun tó sọ, ẹ̀rù á bà á, á dìde. Bí èrò bá sì dìde, ọkọ̀ dojú dé nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ bí èrò bá bèèrè pé kí nìyẹn, kò ṣeé dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ náà ń dẹ́rù bani. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ohun tó wà lórí odò fi ní orúkọ tí atukọ̀ ń pè é, tó tún ní èyí tí wọ́n ń sọ fún èrò ọkọ̀. Ti èrò, àwàdà ni, èébú ni, ìpẹ̀ ni, ohun tó bá ṣáà ti lè mú un jókòó. Kò sí ibi nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èrò ni ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti mú gúnlẹ̀.

Kọ́mà yí ojú sí Màmá. Ọ̀rọ̀ mẹ́tàlélógójì. Gbogbo Sátidé ọdún kan, lórí àga oníke lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

Ó ní, “Ṣé èrò ni mí, Màmá?”

Màmá ń fi ọwọ́ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì tó ti tẹ́ tẹ́lẹ̀. Ó ní, “Ìyá rẹ ló fi ọ́ jókòó. Èmi kọ́.”

Òfin kan wà, ó ní: ẹni tó bá mọ orúkọ omi gan-an, tó sì gbọ́ tí wọ́n ké e, dandan ni kó gba àjẹ̀ kó bá wọn wa ọkọ̀, ìbáà ṣe ìyàwó tí wọ́n ń sìn lọ sílé ọkọ, ìbáà ṣe ọ̀mọ̀wé. Arákùnrin òun àti ìyá Kọ́mà, akọ̀wé ilé-ẹjọ́, wálé lọ́dún kan láti wá kí wọn. Ó ń padà lọ, ó jókòó láàárín èrò pẹ̀lú bàtà dídán lẹ́sẹ̀. Wọ́n ké orúkọ omi, ó gbọ́ ọ, ó bọ́ bàtà, ó gba àjẹ̀. Bàtà náà nìkan ló padà wálé. Ìyá Kọ́mà, tó jẹ́ àbíkẹ́yìn wọn, búra pé ọmọ tí òun bá bí, jíjókòó ló máa jókòó, á sì gúnlẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọ̀rọ̀ èrò ló fi kọ orin ìrẹmọ fún un.

“Ẹ̀yin náà ò lè sọ fún mi?” ni Kọ́mà wí. “Ọdún kan ni mo fi bèèrè.”

Màmá ní, “O bèèrè bí èrò, ọmọ mi. Ìwé wà lọ́wọ́ rẹ.”

Kò ya fọ́tò kankan.

Títí Mọ́ńdè fi mọ́, gbólóhùn ojú ìwé àkọ́kọ́ náà ló ń rò. Ó kọ ọ́ sórí bébà, ó wá ibi tí kọ́mà lè wọ̀ tó máa sọ irọ́ rẹ̀ di òótọ́. Lẹ́yìn “èmi” ńkọ́? Lẹ́yìn “ọmọ àwọn atukọ̀” ńkọ́? Kò sí. Ó ti fi àmì yẹn gba ọ̀pọ̀ gbólóhùn àwọn ẹlòmíràn là, tirẹ̀ kò ní àlàfo. Ó wá pinnu pé òun máa sọ òtítọ́. Bí wọ́n bá lé òun, kí wọ́n lé òun. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn mẹ́tàdínlógún náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀, ó ti ń ronú ibi tó máa kó ẹrù sí. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ẹnu ọ̀nà náà kò ṣí.

Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni ọ̀gá. Àǹtí ló ń pe Kọ́mà, Kọ́mà sì ń pè é ní ọ̀gá, wọ́n á wá máa ju “ẹ” síra wọn bí bọ́ọ̀lù. Ó ń jẹ búrẹ́dì lórí tábìlì nígbà tí Kọ́mà wọlé. Kọ́mà jókòó, ó sọ gbogbo rẹ̀: oyè ọba, ìkíni tẹ́ńpìlì, Tìmbélà, òfin àjẹ̀. Ó wá fi èyí tó wúwo jù parí rẹ̀.

“Ọ̀gá, n kò gbọ́ èdè náà. Irọ́ ni mo pa lọ́jọ́sí.”

Ọ̀gá nu èérún búrẹ́dì kúrò lára ìwé àyẹ̀wò náà. Ó ní, “Àǹtí Kọ́mà, mo mọ̀. Mo bi yín lọ́jọ́ náà pé kí ni omi ń jẹ́, ẹ wo òrùlé.”

Kọ́mà tún gbójú sókè.

“Ta ló fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ?” ni ọ̀gá wí, ohùn rẹ̀ tutù, kò sí ìkà nínú rẹ̀. “Ẹni tí ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ ni mò ń wá.” Ó ní àwọn tó máa ra ìwé náà kò ní dé etí odò yẹn láyé. Ó ní bí wọ́n bá débẹ̀ pàápàá, ṣé èrò kọ́ ni wọ́n máa jẹ́? Ọ̀rọ̀ èrò ló tọ́ sí wọn. Ní ti ìbuwọ́lùwé, kó má da ara rẹ̀ láàmú, ó ti fọwọ́ sí ojú ìwé kẹrin láti ọdún mẹ́ta, ìyẹn tó. Ìwé á wọ ẹ̀rọ lọ́sàn-án.

Ó dìde, ó tún jókòó, bí ẹni tí nǹkan ṣẹ̀ṣẹ̀ ta létí. Ó ní àbí òun gbọ́ dáadáa pé ọ̀rọ̀ mìíràn wà, èyí tí àwọn atukọ̀ ń sọ láàárín ara wọn? Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ pé ẹni tó bá gbọ́ ọ kò gbọdọ̀ jókòó mọ́? Ó kọ ọ́ sórí bébà níwájú Kọ́mà, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní òun ti rí ìwé kejì. Kí Àǹtí má wulẹ̀ bínú, kó ṣáà máa lọ sọ́dọ̀ Màmá lọ́jọ́ Sátidé bó ṣe ń lọ.

Kọ́mà padà sí tábìlì rẹ̀ níwájú fèrèsé tí kò ṣeé ṣí. Ó ti rò pé irọ́ òun ló ti òun mọ́bẹ̀, pé bí òun bá ti sọ òótọ́, òun á jáde. Ó ti wá sọ òótọ́ báyìí, òótọ́ náà sì ti di ẹrù ilé-iṣẹ́. Ayàwòrán kọjá, ó bi í bóyá Tìmbélà tuntun náà máa lápá. Kọ́mà ní òun ò tíì mọ̀.

Nígbà tí Sátidé pé, ó gun òkè lọ sí yàrá Màmá láìmú ìwé pélébé lọ́wọ́. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì omi méjì láti ìsàlẹ̀, ó tò wọ́n sábẹ́ tábìlì, ó sì jókòó sórí àga rẹ̀. Màmá wo ọwọ́ rẹ̀ òsì, ó wo ọ̀tún.

“Ìwé rẹ dà?”

“Mo fi sílé.”

Màmá sún díẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní òun ti rò ó láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ìyá Kọ́mà ti kú, ìbúra òkú kò yẹ kó máa de alààyè mọ́lẹ̀ títí láé. Òun náà kò ní pẹ́ lọ. Bó bá sì lọ, àfi Bàbá oníkọ́ yẹn ló kù tó mọ orúkọ omi. Ó fọwọ́ gbá etí bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀.

Ó ní, “Wá síbí. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo máa sọ ọ́.”

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni Kọ́mà ti ń dúró de kí ẹnìkan sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó dìde. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta ló wà láàárín àga àti bẹ́ẹ̀dì. Ní ìṣísẹ̀ kejì, ojú ìwé kẹrin sọ sí i lọ́kàn: ìbáà jẹ́ níbi iṣẹ́ tàbí níta. Ó rí ara rẹ̀ ní Mọ́ńdè, ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀ bí ẹyin, ọ̀gá níwájú rẹ̀ pẹ̀lú bébà tó fa ìlà sí lẹ́ẹ̀mejì. Ọdún méjì ló kù. Ó mọ ara rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ló kó o débẹ̀.

Màmá ti la ẹnu. Kọ́mà na ọwọ́, ó fi bo ẹnu Màmá. Kò ṣe irú rẹ̀ rí sí àgbàlagbà.

Ó ní, “Ẹ má sọ ọ́, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ tọ́jú rẹ̀ fún ọdún méjì.”

Màmá yọ ọwọ́ náà kúrò lẹ́nu, ó dì í mú. Kò bèèrè ìdí. Ó wo ojú rẹ̀ bí atukọ̀ ṣe ń wo omi. Àwọn méjèèjì mọ̀ pé kò sẹ́ni tó lè fi ọwọ́ sọ̀yà lórí ọdún méjì fún orúnkún yẹn àti ọjọ́ orí yẹn.

“Tìmbélà,” ni Màmá wí.

Kọ́mà padà sórí àga oníke, ó sì jókòó jẹ́ẹ́. Èbúté kò tíì hàn.